Àmì ohùn tó ń yẹ̀ lórí lẹ́tà lójú àwo orin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àmì ohùn "Ìfẹ́" ń yẹ̀ lójú àwo orin tí ẹ ń ṣe, pé ẹnì kan sì ní kí ẹ yọ àmì kúrò. Fọ́ǹtì yẹn, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí ẹ lò, ni kí ẹ pààrọ̀, àkọtọ́ yín dára. Ẹ lo Noto Sans tàbí Noto Serif ti Google, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ohun tó fà á rèé. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀, "é" ní kóòdù tirẹ̀, "à" náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní: kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbé "ẹ" kalẹ̀ (U+1EB9), á wá gbé àmì òkè (U+0301) lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn kò kọ́ ní ibi tó yẹ kó gbé àmì yẹn sí á kàn jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí "Ìfẹ́" fi dàrú lójú àwo orin yín, tí "Adé" tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán.

Pípààrọ̀ fọ́ǹtì á ṣiṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá gún régé tí ẹ bá dà á sínú WhatsApp. Bó bá dàrú níbẹ̀ náà, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tún un tẹ̀.

Ẹni tó ní kí ẹ yọ àmì kúrò kí àwòrán lè mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: onígángan kankan ò ní fi ohùn kan lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ tún fi àyè sáàárín ìlà méjèèjì. Àmì orí lẹ́tà ńlá máa ń kọlu ààmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ tó bá wà lókè rẹ̀.