Ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ni ọmọ yín ń bá du àyè

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Houston, ẹ kú làálàá ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín fẹ́ wọ kíláàsì kejìlá, kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ní yunifásítì mẹ́ta ti fi ẹnu ṣèlérí àyè fún un, ọ̀kan ti dákẹ́, òmíràn sì ní àwọn ṣì ń wo ẹni tó máa jáde nínú portal ná, ìyẹn ibi tí agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ pààrọ̀ yunifásítì ń forúkọ sílẹ̀ sí. Ẹ wá bèèrè bóyá kó dúró dè wọ́n, kó tún kíláàsì kọkànlá ṣe, àbí kó kúkú gba ilé ìwé kékeré tó ń pè é lójoojúmọ́. Tó bá ṣe tèmi ni, kó lọ síbi tí wọ́n ti máa gbé e sórí pápá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọdún 2021 ni ọmọ tèmi jáde háísúkù, Virginia la sì ń gbé. Nígbà tí Kòrónà dé, Virginia kò gbá bọ́ọ̀lù háísúkù ní ìgbà ìwọ́wé 2020 rárá, wọ́n sún un di ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ lè fọwọ́ síwèé pẹ̀lú yunifásítì bọ́ sí December 16, ìkejì bọ́ sí February 3. Ìparí February ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti pín oúnjẹ tán kí ọmọ mi tó rí abọ́ gbé. Ó ti ga sí i, ó ti sanra sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá ju ti kíláàsì kọkànlá lọ, kò sì sí fídíò kan tó fi í hàn.

Àwọn kóòṣì náà kò lè wá wò ó. Láti March 2020 títí wọ June 2021 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré yunifásítì, fi ní kí kóòṣì Division I, ìpele tó ga jù, má yọjú sọ́dọ̀ ọmọ kankan, kí ọmọ náà má sì lọ bá wọn lọ́gbà wọn. Kóòṣì kan wá ní kí n ya fídíò kí òun lè mọ̀ bóyá gíga tí a kọ sílẹ̀ jẹ́ òótọ́. Mo lẹ téèpù mọ́ ilẹ̀kùn gáréèjì, ọmọ bọ́ bàtà, ó fẹ̀yìn tì í, mo wá sún fóònù mọ́ àtàrí rẹ̀ kí nọ́ńbà lè hàn. Ó gun òṣùwọ̀n, mo tún ya ìyẹn náà. Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹni ń ta màlúù lórí WhatsApp.

Ohun tó wá já wa kulẹ̀ jù, inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ní August 2020, NCAA ní sáà Kòrónà yẹn kò ní jẹ nínú iye ọdún tí agbábọ́ọ̀lù kankan lè fi ṣeré ní yunifásítì. Ó dáa fún àwọn tó ti wà ní yunifásítì, torí ẹni tó yẹ kó lọ tún láǹfààní láti dúró. Ọdún tí wọ́n fún àwọn tó wà nínú ilé, lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti gbà á. Ilé ìwé tó wà ní FBS, ìpele bọ́ọ̀lù tó ga jù nínú Division I, kò gbọdọ̀ ní ju ẹni márùndínláàdọ́rùn-ún tó ń jẹ skọ́láṣíìpù lọ nígbà náà. Ní 2021 wọn ò ka àwọn àgbà tó padà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn kékeré tó wà lẹ́yìn wọn náà ti ní ọdún kan lé lórí, gbogbo kóòṣì sì mọ̀ pé ìṣirò ọdún tó ń bọ̀ kò ní gba gbogbo wọn. Kò tíì tán o. Ní April 2021, wọ́n gbà kí agbábọ́ọ̀lù ṣí lọ sí ilé ìwé míì lẹ́ẹ̀kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jókòó ọdún kan láìṣeré. Ẹ fi ara yín sípò kóòṣì tó ku àyè kan péré, tí ẹnì kan ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ní fídíò sáà méjì ní yunifásítì, tí ẹnì kejì ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní fídíò gáréèjì.

Kóòṣì tó ti ń pè é ní "ọmọ mi" látìgbà tó wà ní kíláàsì kẹwàá pè wá lálẹ́ ọjọ́ kan ní January. Kò purọ́ fún wa. Ó ní àwọn àgbà tó wà ní ipò ọmọ mi ti ní àwọn ò lọ mọ́, àyè ti kún, kó wá gẹ́gẹ́ bíi preferred walk-on. Bàbá rẹ̀ bèèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lówó. Ó túmọ̀ sí pé aṣọ ilé ìwé á wà lọ́rùn ọmọ, owó ilé ìwé, tó tún jẹ́ ti ìpínlẹ̀ míì, á sì máa ti àpò wa jáde.

Ilé ìwé FCS kan, ìpele tó tẹ̀ lé FBS, tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló gbà á. Ní ìpele yẹn wọ́n lè gé skọ́láṣíìpù sí wẹ́wẹ́, apá kan ni wọ́n sì fún wa. Àwọn ẹbí ní ṣé torí èyí la ṣe ń gbé e lọ sí pápá láti kékeré. Mi ò dá wọn lóhùn. Kí sáà àkọ́kọ́ tó parí ó ti wà lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré.

Lẹ́yìn sáà kejì ó wọ portal, ó sì rí ibi tó tóbi ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹni tó bá ti wọ portal, ilé ìwé tó ń kúrò níbẹ̀ lè dá owó rẹ̀ dúró ní ìparí tẹ́ẹ̀mù, yálà ẹlòmíì pè é tàbí wọn ò pè é. Mo mọ àwọn tí wọn ò pè. Ibi tí ọmọ mi lọ kò sì gba gbogbo kọ́ọ̀sì tó ti ṣe, ó tún àwọn kan ṣe. Ẹ̀yin ará ilé wa máa ń fi Oluwafemi Oladejo ṣàpẹẹrẹ, tóun náà jáde háísúkù ní 2021, tó lọ Yunifásítì Cal, tó kọjá sí UCLA ní 2023, tí Titans, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù náà jẹun, sì mú un ní ìpele kejì draft 2025, ìyẹn ìgbà tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń yan agbábọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni, inú mi náà dùn sí i. Àmọ́ ó ti ń ṣeré ní Cal kó tó kúrò níbẹ̀.

Nísinsìnyí ó tún ti le ju ti ìgbà tèmi lọ. Láti 2024, iye ìgbà tó bá wu ọmọ ló lè ṣí, bí ìwé rẹ̀ bá sáà ti dára. Lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ní June 2025, ilé ìwé tó bá gbà láti pín owó fún agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ní ju ẹni márùnlélọ́gọ́rùn-ún lọ nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, walk-on ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń gé. Ní 2026, portal bọ́ọ̀lù ṣí láti January 2 sí 16. Ìyẹn ni pé December ni ọmọ háísúkù ń fọwọ́ síwèé, January ni kóòṣì ń lọ ra àgbà.

Ti kíláàsì tó fẹ́ tún ṣe, ẹ gbàgbé ẹ̀. UIL, àjọ tó ń darí eré háísúkù ní Texas, kò fún ọmọ ju ọdún mẹ́rin lọ láti ṣeré, látọjọ́ tó ti wọ kíláàsì kẹsàn-án.

Ẹni tó ní òun ń wo portal, ẹ bi í pé bí ọmọ yín bá fẹ́ fọwọ́ síwèé nígbà tí ọjọ́ ìfọwọ́síwèé bá dé ní December, ṣé ó máa gbà? Ẹ tún bi í, mélòó ló mú láti portal fún ipò ọmọ yín lọ́dún tó kọjá? Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "a máa rí i", ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ẹni tó dákẹ́ yẹn, ẹ má pè é mọ́.

Bí ilé ìwé kékeré náà bá fi ìwé ránṣẹ́, kí ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye ọdún sí. Àwọn míì, ọdún kan péré ni wọ́n máa ń kọ, wọ́n á sì máa tún un wò lọ́dọọdún. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní mẹ́rin. Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ.