Lọ wo iṣẹ́ náà kó o tó sanwó ilé ẹ̀kọ́

Àbúrò, o ní ìmọ̀ ìtàn lo fi gboyè, pé iṣẹ́ ìlera ló ń wù ọ́ báyìí, àmọ́ o ò mọ èwo ni kó o mú nínú dókítà, nọ́ọ̀sì àti físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá àti ara títẹ̀ tọ́jú aláìsàn. Ìṣirò owó ni èmi kà. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 27, mo ní dókítà ni mo máa ṣe. Ká sọ tòótọ́, orúkọ yẹn ló wù mí, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́.

Ọdún 2 gbáko ni mo fi ń ṣe bàọ́lọ́jì, físíìsì àti kẹ́místírì tí mi ò ṣe nígbà àkọ́kọ́. Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ organic chemistry, ẹ̀ka kẹ́místírì kan. Mo fìdí rẹmi, mo tún un ṣe. Àárín ìgbà yẹn ni mo lọ ń ṣèrànwọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn, tí mò ń ti àwọn aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan ṣàkíyèsí pé mímí bàbá kan ti yí padà. Kò sí ẹ̀rọ tó ké. Ó ti ń tọ́jú bàbá yẹn láti òwúrọ̀ ni, ó sì mọ bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Òun ló pe dókítà. Dókítà dé, ó ṣe tiẹ̀, ó kọ̀wé, ó sáré lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nọ́ọ̀sì yẹn lojú mi ń bá lọ. Organic chemistry tó sọ mí di ẹdun arinlẹ̀ kò wúlò fún fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí mo wá gbà.

Fún ẹni tó ti ní dìgírì, ó sábà máa ń gba nǹkan bí ọdún 1 sí 2 láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì láwọn ibi tí wọ́n ti ní ètò tó yá. Láwọn ibi tó ní ètò dókítà fún ẹni tó ti ní dìgírì, ó sábà máa ń jẹ́ ọdún 4, lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣì ku ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó o máa fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá. Béèrè bóyá àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ iṣẹ́ náà fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Béèrè tún bóyá wọ́n ń gba máàkì sáyẹ́ǹsì tó ti pẹ́, torí ọ̀pọ̀ kì í gbà á.

Òòyì kọ́ mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀, mo sì ṣubú. Ìyẹn ò tó nǹkan. Iṣẹ́ alẹ́ oníwákàtí 12 ló fẹ́ pa mí. Ó ju ọdún kan lọ kí ara mi tó gbà á. Tó o bá mọ̀ pé o ò lè pàdánù oorun, ojú mọmọ ni ọ̀pọ̀ físíò ń ṣiṣẹ́. Tọrọ àyè lọ́dọ̀ wọn, kó o dúró wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ti ṣe é fún ọdún 10 ni kó o bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí.