Ewúrẹ́ tó pọ̀ sí i kọ́ ni ìṣẹ́ tó dín kù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹgbẹ́ kékeré kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, a fún ìdílé 120 ní ewúrẹ́ méjì méjì láwọn abúlé kan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kà wọ́n tán, 240 ti di 610. Àwọn tó gbówó kalẹ̀ ń bèèrè pé báwo ni ìṣẹ́ ṣe dín kù tó, ẹnì kan sì ti ta fọ́ọ̀mù Excel kan fún wa, téèyàn bá ti kọ iye ẹran sí i, á sọ iye ìṣẹ́ tó ti lọ. Ewúrẹ́ mélòó ló yẹ kí ìdílé kan ní ká tó lè sọ pé ó ti bọ́ nínú ìṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Kò sí iye ewúrẹ́ tá a lè dárúkọ pé tó bá ti pé, ìṣẹ́ ti tán nìyẹn. Mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ kọ́ nìyẹn, àmọ́ irú ìbéèrè yìí ti tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi lọ́dún yìí, ó sì ti ń bí mi nínú pé àwọn kan ń fi fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ò lówó. Ẹ má lò ó mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó ń ṣe ò ju pé kó sọ ẹran di owó, kó wá pe owó yẹn ní ìṣẹ́ tó dín kù. 610 yín yẹn, ìròyìn nípa ewúrẹ́ ni. Ó sọ pé wọ́n ń bí, pé àrùn ò pa wọ́n tán, ìyẹn dáa gan-an, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan nípa àwọn tó ń sìn wọ́n.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Mo tẹ̀ lé àwọn kan lọ yẹ irú iṣẹ́ yìí wò nígbà kan. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́, wọ́n sì ti fi báírò pupa kọ "kò yọrí" síwájú orúkọ ẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ní ìyá, àwọn yòókù ńkọ́? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fìka kà á fún mi: òun ta ọ̀kan nígbà tí àbíkẹ́yìn òun dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, òun ta méjì fi san gbèsè tí ò jẹ́ kóun sùn, òun ta òmíràn fi kan páànù sórí ilé, àtìgbà yẹn òun ò yáwó elélèé mọ́. Ilé tó tẹ̀ lé tiẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́sàn-án, wọn ò ta ìkankan rí, ọmọ wọn ọlọ́dún mọ́kànlá sì ti kúrò níléèwé torí òun ló ń dà wọ́n lọ jẹko. Nínú ripọ́ọ̀tù, ilé kejì yìí ló ṣe dáadáa jù! Ẹran tí ìyá yẹn tà gan-an ló ṣiṣẹ́ tá a torí ẹ̀ fún un. Ibi tí ẹni tí ò ní báńkì ń kówó sí lẹran ọ̀sìn, kò dáa ká wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yọrí torí pé ó lọ gbowó ẹ̀ lọ́jọ́ tó nílò ẹ̀.

Ẹ lè ti gbọ́ nípa òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní TLU. Wọ́n ń fi sọ gbogbo ẹran di ọ̀kan náà kí wọ́n lè rò wọ́n pọ̀: ẹran tó wọn 250 kílò ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan, wọ́n sábà máa ń ka ewúrẹ́ tàbí àgùntàn sí 0.1, adìyẹ sí 0.01. Ó wúlò fún ilé tó ń sin oríṣiríṣi ẹran. Òṣùwọ̀n ẹran ṣì ni, kò lè wọn ìṣẹ́.

Owó tó wọlé náà kọ́ ni èrè o. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ta ló ń já ewé? Ta ló ń pọnmi? Wákàtí mélòó lóòjọ́, kí ni onítọ̀hún ì bá sì máa fi wákàtí yẹn ṣe? Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Santosh Anagol, Alvin Etang àti Dean Karlan, gbé ìwádìí kan jáde lórí màlúù àti ẹfọ̀n oníwàrà ní àríwá Íńdíà. Nígbà tí wọ́n ka iṣẹ́ táwọn ará ilé ń ṣe lórí ẹran náà bí iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, àdánù ni wọ́n bá bọ̀ ní ìpíndọ́gba. Mi ò sọ pé káwọn èèyàn má sin màlúù, ẹ má ṣì mí gbọ́, mò ń sọ pé téèyàn ò bá ka òógùn, ó máa rí èrè níbi tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ má gbàgbé wàrà tí wọ́n mu nílé, ẹyin táwọn ọmọ jẹ, ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n kó lọ sóko. Ìyẹn ò di owó lọ́jà, àmọ́ èrè ni.

Ibi tó wá le jù rèé, ibẹ̀ sì ni fọ́ọ̀mù yín ò dé rárá. Ká tiẹ̀ ní gbogbo ìdílé 120 ń jẹun kánú ju tọdún mẹ́ta sẹ́yìn lọ, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ewúrẹ́ yín ló fà á? Òjò lè ti rọ̀ dáadáa. Wọ́n lè ti la títì tuntun. Bí àwọn tẹ́ ò fún ní nǹkan kan náà bá ń jẹun kánú, a jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́. Ọ̀dá òjò sì lè dé, kí gbogbo èèyàn rẹ̀yìn, kí tiyín rẹ̀yìn díẹ̀, ká wá ní iṣẹ́ yín ò yọrí nígbà tó jẹ́ pé òun ló gbà wọ́n là. Àfi kẹ́ ẹ rí àwọn tó jọ wọ́n tí ò gba ẹran, kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra.

Wọ́n ti ṣe é, ó sì ṣeé ṣe. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé míì, Abhijit Banerjee, Esther Duflo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ èsì ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Etiópíà, Gánà, Honduras, Íńdíà, Pakistan àti Peru. Wọ́n ṣẹ́ gègé mú àwọn tálákà tó máa gba ẹran tàbí ọjà tí wọ́n á fi ṣòwò, wọ́n tún fún wọn ní owó oúnjẹ fúngbà díẹ̀, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò déédéé, wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tọ́jú owó. Lẹ́yìn tí ètò náà ti parí lọ́dún kan, oúnjẹ wọn àti ohun ìní wọn ṣì ju tàwọn tí gègé ò mú lọ. Àmọ́ ní Honduras, adìyẹ ni ọ̀pọ̀ gbà, àrùn sì pa wọ́n. Ní Gánà, wọ́n ya àwọn kan sọ́tọ̀, ewúrẹ́ nìkan ni wọ́n fún wọn láìsí ìyókù, kò ṣe wọ́n ní àǹfààní tó tọ́jọ́. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, torí ewúrẹ́ nìkan lẹ̀yin náà fún wọn.

Kí lẹ máa wọ̀n? Ẹ bèèrè ohun tí ilé jẹ àtohun tí wọ́n ná láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn, gbèsè tó wà lọ́rùn wọn, àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé, àti ẹni tó lágbára láti sọ pé "ẹ tà á" (tó bá jẹ́ pé ìyàwó ló ń sìn ín, tí ọkọ ń tà á, ẹ kọ ọ́). Àwọn tó gbówó kalẹ̀ lè béèrè fún ìlà ìṣẹ́ Báńkì Àgbáyé (ẹni tí ohun tó ń ná lóòjọ́ ò bá tó o, tálákà paraku ni wọ́n kà á sí), èyí tó kúrò ní dọ́là 2.15 sí dọ́là 3 lóòjọ́ fẹ́nì kan lọ́dún 2025. Ẹ fún wọn, àmọ́ ẹ kọ bí èèyàn ṣe jìnnà sí ìlà náà tó pẹ̀lú, torí ẹni tó kúrò ní dọ́là kan dé méjì àtààbọ̀, ayé ẹ̀ ti yí padà, síbẹ̀ kò tíì kọjá ìlà.

Mi ò tíì rí ìwé yín o, torí náà ẹ má fi ìdáhùn mi ṣe ẹ̀rí fẹ́nì kankan, ẹ wá ẹni tó mọ ìṣirò kó bá yín wò ó. Ọdún mẹ́ta ti lọ, ẹ ò lè padà lọ bi wọ́n bí nǹkan ṣe rí kẹ́ ẹ tó dé. Tẹ́ ẹ bá ní orúkọ àwọn tó béèrè fún ẹran tí kò kàn, ẹ lọ bá wọn. Ẹ kọ ọ́ sí ripọ́ọ̀tù ní gbangba pé ẹ ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìṣẹ́ ti dín kù, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á bọ̀wọ̀ fún yín. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín ẹran míì, ẹ ṣẹ́ gègé níwájú gbogbo abúlé nípa ẹni tó máa kọ́kọ́ gbà àtẹni tó máa gbà lọ́dún tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì ti kọ ìnáwó gbogbo wọn sílẹ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ lè fi wọ́n wéra.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ yọ orúkọ àwọn ilé tí ewúrẹ́ ò sí mọ́ rárá sọ́tọ̀ nínú 120 yẹn. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n pé níbo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ gbà lọ, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.