Línkì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà yín, kì í ṣe síńkì o

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìbàdàn ni mo wà, gèlè wíwé àti mekọ́ọ̀pù ìyàwó niṣẹ́ mi. Mo ní péèjì kan tí àwọn kọ́sítọ́mà fi ń búùkù mi. Ọmọkùnrin kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà bá mi fi línkì ẹ̀ sínú Google Calendar mi, ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ gbogbo búkìn á máa wọlé fúnra ẹ̀, mo sì sanwó fún un. Sátidé tó kọjá, ìyàwó méjì bọ́ sí aago méje àárọ̀ kan náà mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀kan ní Bódìjà, ọ̀kan ní Àpáta. Ojú tì mí. Ṣé fóònù mi ni ò gbé síńkì ni, kí n ra tuntun? Àwọn kọ́sítọ́mà mi tó wà ní London náà ní aago tí àwọn ń rí yàtọ̀ sí tèmi.

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ má ra fóònù kankan. Mi ò tíì ka ìbéèrè yín dé ìdajì tí mo ti mọ ibi tó ń lọ, torí irú ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ mi, ti onírun, ti télọ̀, ti tíṣà tó ń kọ́ ọmọ nílé onílé, gbogbo wọn ló ń bi mí pé kí ló ṣe síńkì àwọn. Kò sóhun tó ṣe síńkì yín, ìyẹn kí péèjì àti kàlẹ́ńdà máa sọ ohun tó bá yí padà fún ara wọn. Ẹ ò ní síńkì rí ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe, bí mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Ó ṣí Google Calendar lórí kọ̀ǹpútà, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lórí áàpù fóònù, ó tẹ àmì àròpọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Other calendars", ó mú "From URL", ó wá lẹ línkì kan mọ́ ibẹ̀ tí ìparí ẹ̀ jẹ́ .ics. Ó parí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Ìyẹn lẹ sanwó fún.

.ics yẹn fúnra ẹ̀ ò ní àbùkù. Ọ̀nà tí àwọn kàlẹ́ńdà fi ń kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ ni, kí kàlẹ́ńdà iPhone lè gbọ́ ohun tí ti Google ń sọ, ó ti wà láti 1998, wọ́n tún un ṣe ní 2009, òun náà la ṣì ń lò. Àbùkù wà lọ́dọ̀ ẹni tó ní ó ń ṣe ohun tí kì í ṣe.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ rán ọmọdé kan pé kó máa lọ wo pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kó máa wá jíṣẹ́ ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ fún yín nínú ilé. Ọmọ yìí ń lọ nígbà tó bá wù ú. Ó lè lọ láàárọ̀ kó má yọjú síbẹ̀ mọ́ títí dalẹ́, ẹ ò sì lè lé e. Google fúnra wọn kọ ọ́ sí ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ wọn pé ó lè tó wákàtí 12 kí àyípadà tó yọ, kò sì sí bọ́tìnì kankan tẹ́ ẹ lè tẹ̀ lọ́dọ̀ yín pé kó yá. Wákàtí 12! Ìyàwó tó bá búùkù yín lálẹ́ Fúráìdé, ẹ lè ti wé gèlè ẹlòmíì tán kí orúkọ ẹ̀ tó yọ sójú fóònù yín.

Ìyẹn ṣì kéré. Ọmọ tẹ́ ẹ rán yẹn, kíkà nìkan ló mọ̀, kò gbé ṣọ́ọ̀kì dání. Kò lè bá yín kọ nǹkan kan sí pátákó. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà yín, péèjì ò rí i, kò ní rí i láéláé, ẹ ò báà lò ó títí di ọdún mẹ́wàá. Ẹ ò sọ ọ́ nínú ìbéèrè, ṣùgbọ́n mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ọ̀kan nínú ìyàwó méjì yẹn gba orí péèjì wọlé, èkejì bá yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ẹ wo kàlẹ́ńdà, ẹ rí i pé òfo ni, ẹ ní "kò sí wàhálà, ẹ máa bọ̀". Ẹ fọwọ́ ara yín kọ tọ̀hún sínú kàlẹ́ńdà, péèjì ò mọ̀, tẹni tó ti orí péèjì wọlé náà ò tíì yọ sí yín. Báyìí ni ìyàwó méjì ṣe ń pàdé ní aago méje. Kò sí fóònù tó máa yanjú ẹ̀, kódà kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já nínú páálí.

Àwọn kan tún wà tó burú ju tiyín lọ, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dáúnlóòdù fáìlì .ics yẹn, wọ́n wá fi "Import" gbé e wọlé. Ìyẹn ò tiẹ̀ ní yí padà rárá. Fọ́tò ni. Ẹ ya ọmọ oṣù mẹ́ta ní fọ́tò, ẹ gbé e kọ́ ògiri, ọmọ ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, tinú fọ́tò ṣì wà nínú aṣọ ìkókó.

Kí wá ni síńkì gan-an? Péèjì búkìn yín ló máa ní kẹ́ ẹ so òun pọ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà, ojú ìwé Google fúnra ẹ̀ á ṣí, á to ohun tí péèjì náà fẹ́ máa ṣe lẹ́sẹẹsẹ, pé ó fẹ́ máa wo ìgbà tí ọwọ́ yín dí, pé ó fẹ́ máa kọ nǹkan sínú kàlẹ́ńdà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ "Allow". OAuth ni wọ́n ń pe àṣẹ yẹn, orí API, ìyẹn ọ̀nà tí áàpù kan fi ń bá áàpù míì sọ̀rọ̀, ló ń ṣiṣẹ́. Látìgbà yẹn, kí péèjì tó fi aago méje han ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ bi kàlẹ́ńdà yín léèrè bóyá ó ṣí sílẹ̀, tẹ́nì kan bá sì búùkù, á kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó pẹ́ tán ìṣẹ́jú díẹ̀. Àlọ àti àbọ̀.

Ẹ ti rí i pé mi ò dárúkọ pásíwọ́ọ̀dù níbì kankan. Ṣé ọmọkùnrin yẹn gba pásíwọ́ọ̀dù Gmail yín? Tó bá gbà á, ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ jókòó sí kẹ́ ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ tan "2-Step Verification", tó máa ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ wo àwọn áàpù tẹ́ ẹ fún láṣẹ nínú àkáǹtì Google yín, èyí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ yọ ọ́. Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní Gmail yín lè gba Facebook yín, ó lè gba ohun tó ju Facebook lọ. Kò sí iṣẹ́ síńkì kankan láyé tó nílò pásíwọ́ọ̀dù yín, ẹni tó bá béèrè ẹ̀, ẹ gbé tíì fún un kẹ́ ẹ sì ní kó máa lọ. Bákan náà, nínú sẹ́tìn kàlẹ́ńdà yín, línkì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní "Secret address in iCal format". Ẹnikẹ́ni tó bá ní in lọ́wọ́ á máa ka gbogbo ohun tó wà nínú kàlẹ́ńdà yín láì bi yín, orúkọ ìyàwó, àdírẹ́sì ilé wọn, nọ́ńbà ìyá ìyàwó. Tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan rí, ẹ tẹ "Reset" níbẹ̀, ti àtijọ́ á kú. Òfin ààbò ìsọfúnni èèyàn wà ní Nàìjíríà láti 2023, èmi kì í ṣe lọ́yà o, ẹ bi ẹni tó gbọ́ òfin bó ṣe kan ṣọ́ọ̀bù yín, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àwọn èèyàn yìí, ọwọ́ yín ni wọ́n fi í sí.

Ó dáa, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ wọ sẹ́tìn péèjì tẹ́ ẹ ń lò, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ "Connect calendar" tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Tó bá wà, ẹ so ó pọ̀ bí mo ṣe sọ lókè, kẹ́ ẹ wá yọ línkì .ics àtijọ́ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo búkìn á máa yọ lẹ́ẹ̀méjì, ẹ̀rù á tún bà yín. Tí kò bá sí, ẹ fi péèjì yẹn sílẹ̀. Google Calendar ní péèjì búkìn tiẹ̀, "Appointment schedule", orí kọ̀ǹpútà lẹ ti máa ṣe é, bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹni tó ní Gmail lásán lè ní ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́ (wọ́n lè yí i padà lọ́la o, ẹ má fi mí bú). Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé inú ilé kan náà ni péèjì àti kàlẹ́ńdà wà, kò sí síńkì tó máa já. Calendly, péèjì búkìn ti iléeṣẹ́ míì, náà dáa. Google Forms ni kẹ́ ẹ má lò, fọ́ọ̀mù ò mọ̀ pé aago méje ti kún, á máa gba gbogbo ẹni tó bá wá ni.

Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀ tó ti mú mi rí. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà pé odindi ọjọ́ Sátidé kan lẹ ò ní sí nílé, bóyá ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe òkú, "Free" ni Google máa fi sí i fúnra ẹ̀ torí "All day" lẹ mú. Lójú péèjì, ọwọ́ yín ò dí lọ́jọ́ yẹn, ẹ wà ńlẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ yí i sí "Busy". Ẹ sì wo orúkọ àkáǹtì kẹ́ ẹ tó tẹ "Save", àwọn fóònù kan ní kàlẹ́ńdà tiwọn tí kì í kúrò lórí fóònù, ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ ò dé Google rárá.

Ti London yẹn, ó lè máà jẹ́ àṣìṣe. Aago tiwa kì í yí padà, tiwọn ń yí, Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹwàá. Nígbà ooru wọn, aago wa bára mu, nígbà òtútù, méje wa ni mẹ́fà wọn, péèjì ló kàn ń túmọ̀ ẹ̀ fún wọn. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni tó bá jẹ́ London ni àkáǹtì yín wà, bóyá ẹni tó bá yín ṣí i ti òkè òkun dé. Ní oṣù Keje ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. Tó bá di Dìsẹ́ńbà, tí ìyàwó pọ̀ bí omi, ẹ tẹ aago méje, aago mẹ́jọ Ìbàdàn ló kọ sílẹ̀. Lagos ni kẹ́ ẹ mú nínú "Time zone", nínú kàlẹ́ńdà àti nínú péèjì, méjèèjì.

WhatsApp ò ní wọlé fúnra ẹ̀ o. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ búùkù níbẹ̀, ẹ fi línkì péèjì ránṣẹ́ sí i, ì báà jẹ́ ìyá ọkọ yín. Tí ẹni náà ò bá mọ̀ ọ́n lò, ẹ̀yin ẹ ṣí péèjì kẹ́ ẹ bá a búùkù ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni".

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán, ẹ yá fóònù ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ fi búùkù ara yín, kẹ́ ẹ wo bóyá á yọ lórí tiyín. Ìyẹn rọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kọ nǹkan sí aago mẹ́wàá Wẹ́sìdé nínú kàlẹ́ńdà yín, kẹ́ ẹ padà sórí fóònù ọmọ náà, kẹ́ ẹ tún péèjì ṣí. Aago mẹ́wàá yẹn gbọ́dọ̀ ti lọ. Tó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ní kẹ́ni tó bá fẹ́ máa bọ̀, kò tíì sí síńkì níbẹ̀, ẹ má tíì gba owó ìyàwó kankan lórí péèjì yẹn. Ẹ sì pe ọmọkùnrin yẹn kó wá dá owó yín padà.