Ṣé lóòótọ́ ni ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù?

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó ń ka físíìsì ní yunifásítì wá sílé ní Ìkẹ́nnẹ́. Mò ń parí ìjà òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, mo ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ó ní, "Màámi, nínú òòfà, ẹnì kẹta ló ń dà á nù." Kí ni òwe yìí túmọ̀ sí gan-an? Àbí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Ẹ kú ìbéèrè, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ìdí iná. Òkúta méjì ò lè gbé ìkòkò dúró. Bó bá di mẹ́rin, tí ọ̀kan kúrú díẹ̀, ìkòkò á máa mì. Mẹ́ta ni kì í wo ti ilẹ̀ gbágungbàgun. Ẹni tó bá ti se ìkọ́kọrẹ́ rí mọ ohun tí mò ń wí: ewùrà tí a rin sínú ọbẹ̀, a kì í rò ó títí yóò fi dì. Ìkòkò tó bá mì nígbà yẹn ti bà á jẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹni mẹ́ta bá jọ gbé kì í bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Nínú àwọn irin kan, àtọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn èérún tíntìntín tó para pọ̀ di irin náà, jẹ́ òòfà kékeré. Ti irin tó ń jẹ́ gadolíníọ́ọ̀mù máa ń kọjú síbì kan náà bí kò bá ti gbóná ju nǹkan bí 20°C lọ. Láàárọ̀ ọyẹ́ ní Rẹ́mọ, òòfà ni, tó bá fi máa dọ̀sán, ó ti gbàgbé. Àwọn mìíràn wà tí aládùúgbò kì í fẹ́ kọjú síbi tí aládùúgbò kọjú sí. Ọ̀kan kọjú sókè, èkejì kọjú sílẹ̀, ìjà parí. Ẹ wá fi ẹ̀kẹta sí i kí wọ́n di ààrò. Bó kọjú sókè, ó ṣẹ àkọ́kọ́. Bó kọjú sílẹ̀, ó ṣẹ èkejì. Frustration ni wọ́n ń pe èyí lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí ìjákulẹ̀. Èmi ò gbà. Ẹni tí ìrètí rẹ̀ já ló ní ìjákulẹ̀. Eléyìí, àìmọ-ti-ta-ni-kí-n-ṣe ni.

Èyí tó wù mí jù ni CePdAl, tí sìríọ́ọ̀mù, paládíọ́ọ̀mù àti alumíníọ́ọ̀mù para pọ̀ di. Sìríọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta tó so kọ́ra. Kagome làwọn ará Japan ń pe irú ọnà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ojú agbọ̀n. Agbára òòfà wọn wà nínú àtọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún, kò dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, nítorí náà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tó ń gbé iná mànàmáná káàkiri inú irin, ló ń ṣe alárenà. Iṣẹ́ tí alárenà yìí ń jẹ́ a sì máa yí padà bí wọ́n bá ṣe jìnnà síra tó: níhìn-ín ó ní "ẹ jọ kọjú síbì kan," lọ́hùn-ún ó ní "má ṣe bíi tiẹ̀." Bí otútù bá mú un dé 2.7 kelvin, ìyẹn nǹkan bí 270°C ìsàlẹ̀ òdo, méjì nínú sìríọ́ọ̀mù mẹ́ta-mẹ́ta á mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí. Ìkẹta á wà láàrin wọn láìmọ ibi tí yóò kọjú sí.

Òwe wa ń sọ ti ẹrù tó wà lórí. Ọmọ yín ń sọ ti ojú tí kálukú ń kọ síra. Àwọn àtọ́ọ̀mù yẹn ò ní ìkòkò tí wọ́n jọ ń gbé. Kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tó ti jẹ̀bi ni pé ó dá òwe padà fún àgbà láìkọ́kọ́ ní "tótó, ó ṣe bí òwe," kẹ́yin náà tó lè dá a lóhùn pé wàá rí òmíràn pa.