Ọ̀gá mi ní kí n tún irùngbọ̀n mi ṣe: ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn?

Ìbéèrè:

As-salaamu alaykum wa rahmatullah, Àáfà wa. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí a ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lójúkojú. Láti ìgbà tí mo ti gbá ẹ̀sìn mú ni mo ti dá irùngbọ̀n sí. Mi ò gé e, mi ò sì ń yà á, nítorí mo gbọ́ pé ẹni tó bá bẹ̀rù Ọlọ́hun kì í fi ìmúra ṣe nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀gá mi fún mi ní ìwé pé kí n tún irùngbọ̀n àti ìmúra mi ṣe kí ó lè bá iṣẹ́ mu. Ó tún pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní àwọn tó jókòó tì mí ń ráhùn nípa òórùn ara mi. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́sálásí ní wọ́n ń fi ẹ̀sìn ni mí lára ni, pé kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Ìdáhùn:

Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullahi wa barakaatuh. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Arákùnrin mi, kí Ọlọ́hun san ẹ̀san rere fún ìyàwó yín. Ẹ má tíì kọ ìwé kankan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, n kò sì rí ibi tí ọ̀gá yín ti ní kí ẹ fá irùngbọ̀n. Ó ní kí ẹ tún un ṣe. Fífá ọ̀tọ̀, títúnṣe ọ̀tọ̀.

Dídá irùngbọ̀n sí jẹ́ àṣẹ. Abdullahi ọmọ Umar, tó jẹ́ sàhábé, gbà á wá nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti Muslim pé Ànábì ní kí á yàtọ̀ sí àwọn ọ̀ṣẹbọ, kí á dá irùngbọ̀n sí, kí á sì gé irun orí ètè mọ́lẹ̀. Lórí èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ṣe sọ pé fífá irùngbọ̀n jẹ́ èèwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ̀nà Imam Shafi'i sọ pé ohun tí a kórìíra ni, kò tó èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ Umar kan náà tó gba hádíìsì yìí wá. Bukhari sọ pé tí ó bá ṣe Háájì tàbí Úmúrà, á fi ọwọ́ di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, á sì gé èyí tó bá yọ sílẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kúnwọ́ náà. Ẹni tó gbọ́ àṣẹ náà lẹ́nu Ànábì kò gbọ́ ọ pé kí irùngbọ̀n máa hù bí igbó. Àwọn onímọ̀ kan ní kí á má fi ọwọ́ kàn án rárá. Àwọn mìíràn ní ohun tó bá kọjá ẹ̀kúnwọ́ ṣeé gé. Ọ̀rọ̀ àwọn tó gbà pé ó ṣeé gé ni èmi ń tẹ̀ lé. Ní ti fífọ̀ ọ́, yíyà á àti fífi òróró pa á, kò sí àríyànjiyàn kankan láàárín wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti kàn mí lára jù ni pé ẹ rò pé wúruwùru jẹ́ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Nínú ìwé hádíìsì Abu Dawud, Ànábì ní ẹni tó bá ní irun, kí ó ṣe àpọ́nlé rẹ̀. Sàhábé Jabir náà sọ pé Ànábì rí ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ rí jákujàku, ó ní, "Ṣé eléyìí kò rí ohun tí yóò fi tẹ́ irun rẹ̀ ni?" Ó tún rí ẹlòmíràn tí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, ó ní, "Ṣé eléyìí kò rí omi tí yóò fi fọ aṣọ rẹ̀ ni?" Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí ayé ń wọ̀ lójú o. Fúnra rẹ̀ ló ń rán aṣọ rẹ̀, òun náà ló ń tún bàtà rẹ̀ ṣe.

Ìyá wa Aisha, ìyàwó Ànábì, tilẹ̀ sọ pé nígbà tí Ànábì bá wọ ìtikáàfù, tí kì í jáde kúrò ní mọ́sálásí, á na orí rẹ̀ sí òun nínú yàrá, òun á sì yà á fún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Ìgbà tí ènìyàn pa gbogbo ayé tì fún ìjọsìn, ìgbà náà gan-an ni ó ń wá ẹni tí yóò ya irun òun. Lóòótọ́, hádíìsì kan wà tí ó kọ̀ fún wa láti máa ya irun ní gbogbo ìgbà, àfi kí á máa fi àyè sí i. Bóyá òun ni ẹ gbọ́. Ohun tí ó ń kọ̀ ni kí ènìyàn sọ dígí di ilé. Kò ní kí á má ya irun.

Sàhábé ọmọ Mas'ud náà gbà á wá pé Ànábì ní ẹni tí ìgbéraga tó ìwọ̀n ọmọ iná-igún bá wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní wọ Àlùjáńnà. Ọkùnrin kan wá béèrè pé ènìyàn a máa fẹ́ kí aṣọ òun dára, kí bàtà òun náà sì dára. Ó dá a lóhùn pé Ọlọ́hun rẹwà, Ó sì fẹ́ràn ẹwà. Ìgbéraga ni kí á kọ òtítọ́, kí á sì máa fojú tín-ín-rín ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìparí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Aṣọ tó mọ́ kì í ṣe ìgbéraga. Kíkọ òtítọ́ nítorí pé ẹnu ọ̀gá ló ti wá, ẹ̀rù ìyẹn ni kí ó bà yín.

Ọ̀rọ̀ òórùn kò rọrùn láti gbọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yín pè yín sí kọ̀rọ̀, kò sọ ọ́ láàárín èrò; ó ṣe yín dáadáa. Àlùbọ́sà àti ààyù jẹ́ oúnjẹ ẹ̀tọ́, síbẹ̀ Ànábì ní kí ẹni tó bá jẹ wọ́n jìnnà sí mọ́sálásí wa, nítorí ohun tó ń ni ènìyàn lára ń ni màláíkà náà lára. Tí òórùn ohun ẹ̀tọ́ bá lè dá ènìyàn dúró níbi ìrun jámọ́ọ̀, kí ni ká sọ nípa òógùn tí ẹni tó jókòó tini ń fi gbogbo ọjọ́ fà símú? Ẹ̀tọ́ wọn lọ́rùn yín ni. Aisha sọ pé àwọn sàhábé jẹ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ni wọ́n ń wá sí Jímọ̀, òógùn á bò wọ́n, ni a fi wí fún wọn pé ì bá dára tí ẹ bá wẹ̀. Kò sí ẹni tó bínú fi mọ́sálásí sílẹ̀ nínú wọn.

Sàhábé Anas sọ pé a dá ìgbà fún gígé irun orí ètè, gígé èékánná, yíyọ irun abíyá àti fífá irun abẹ́, pé kí ó má kọjá 40 òru. Òpin nìyẹn, kì í ṣe pé kí á dúró dè é. Irun abíyá ni òógùn máa ń há sí jù, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ lára yín. Ẹ máa wẹ̀ kí ẹ tó jáde, ẹ máa run pákò, ẹ sì fi lọ́fínńdà díẹ̀ sára; Anas sọ pé Ànábì kì í kọ òórùn dídùn tí wọ́n bá fún un.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń kírun níbi iṣẹ́ kì í fura sí. A óò ṣe àlùwàlá, a ó fọ ẹsẹ̀, a ó sì ki ẹsẹ̀ tútù bọ ìbọ̀sẹ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, òórùn ti dé. Ẹ máa mú aṣọ ìnura kékeré dání, kí ẹ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ. Tí ìbọ̀sẹ̀ yín bá sì nípọn, tí ẹ wọ̀ ọ́ lórí àlùwàlá, àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹ lè fi ọwọ́ tútù pa orí rẹ̀ dípò fífọ ẹsẹ̀, fún ọ̀sán kan àti òru kan fún ẹni tó wà nílé.

Aṣọ iṣẹ́ kò le. Tí kò bá ti jẹ́ sẹ́dà, tí kò fún mọ́ra débi tí ìhòòhò á fi hàn, tí ṣòkòtò kò sì wọ́ kọjá kókósẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́.

Tí ó bá wá jẹ́ pé fífá gan-an ni wọ́n ń fẹ́ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ béèrè, ẹ má fi ìrònú dáhùn. Tí wọ́n bá ní fífá ni, ẹ fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ṣàlàyé pé ẹ̀sìn yín ló ní kí ẹ dá a sí, ẹ sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà yín láyè bí ó bá ti mọ́, tó sì wà létòlétò. Ẹni tí wọ́n ti rí i pé ó tọ́jú ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọlé. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, a kì í tẹ̀ lé ẹ̀dá níbi ṣíṣẹ Ẹlẹ́dàá. Ẹ máa wá iṣẹ́ mìíràn láì já èyí tó wà lọ́wọ́ jù sílẹ̀ lójijì, nítorí oúnjẹ ìyàwó àti ọmọ wà lọ́rùn yín. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà At-Talaq pé ẹni tó bá bẹ̀rù Òun, Òun yóò ṣe ọ̀nà àbáyọ fún un, Òun yóò sì pèsè fún un láti ibi tí kò lérò. Tí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, ẹ wá bá mi kí á jókòó wò ó, nítorí ìnira ẹnì kan kì í ṣe ti ẹnì kejì, n kò sì ní fi ìdáhùn kan ṣoṣo dá gbogbo ènìyàn lóhùn.

Ní báyìí, ẹ lọ fọ irùngbọ̀n yín, ẹ yà á, ẹ gé èyí tó kọjá ẹ̀kúnwọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó ń bọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín pé ó pè yín sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sì bi í bóyá bó ṣe rí yìí ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.