Báwo ni mo ṣe máa pe Samhain àti Bealtaine lójú àwọn tó ni wọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ìlú Drogheda ní ilẹ̀ Áyálándì ni mo ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ mi méjèèjì. Ilé-ìwé wọn ní kí n wá wà lára àwọn òbí tó máa ka orúkọ àwọn ọdún ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìí sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn: Samhain, Lá Fhéile Bríde, Bealtaine àti Lúnasa. Mo dán an wò nílé, mo pe àkọ́kọ́ ní “Sámúháìnì”, ni àbíkẹ́yìn mi bá bú sẹ́rìn-ín. Báwo ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n gan-an? Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún ní ọdún òrìṣà ni wọ́n, pé kí n má tilẹ̀ fẹnu bà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Drogheda)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń kà á bí ojú wọn ṣe rí i, tí wọ́n á sì kọjá lọ.

Ohun tó ń ṣi gbogbo wa lọ́nà ni pé lẹ́tà tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò náà ni èdè Áíríṣì ń lò, àmọ́ òfin ìkà wọn ò pa pọ̀ rárá. Ẹ gbé òfin Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́tà h ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wá. Tó bá ti tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì, ó ń yí ìró kọ́ńsónáǹtì yẹn padà ni. Mh á di w tàbí v. Sh á di h lásán, kì í ṣe ṣ wa. Fh kì í dún rárá, bíi pé wọn ò kọ ọ́. Nínú ìwé wọn àtijọ́, tóótó kan ni wọ́n ń fi sórí lẹ́tà láti fi ìyípadà yìí hàn, bí àwa náà ṣe ń fi tóótó sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Nígbà tó yá ni wọ́n fi h rọ́pò rẹ̀.

Èkejì, àmì orí fáwẹ̀lì. Ọmọ Yorùbá tó bá rí ú nínú Lúnasa á gbé ohùn sókè lójú ẹsẹ̀. Àmì ohùn kọ́ o. Fada ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì ń sọ ni pé kí ẹ fa fáwẹ̀lì yẹn gùn. Ní ti ibi tí ẹ ó tẹnu mọ́, sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún lágbára. Bí ẹ bá fún un ní ohùn òkè, tí ẹ jẹ́ kí ìyókù wálẹ̀, ẹ ti sún mọ́ ọn dáadáa.

Ó wá kan Samhain. Mh inú rẹ̀ ti di w, nítorí náà “Sáwìn” ni, kí ẹ pè é kíákíá débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di sílébù kan ṣoṣo. Ìparí rẹ̀ ló ń dá àwa Yorùbá mú. Tí a bá pe “in”, bíi nínú “ẹyin”, inú imú la ń gbà pè é, ahọ́n kì í kan nǹkan kan. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kíyè sí ibi tí ahọ́n yín wà. Ẹ wá tún un pè, kí ahọ́n gbéra lọ kan àjà ẹnu níparí, kó sì dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́. Àwọn tí mo ti kọ́, ibi yìí ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ sí jù, torí tó bá ti mọ́ ahọ́n lára, ọ̀rọ̀ Áíríṣì tó pọ̀ ló máa rọrùn. Alẹ́ 31 oṣù Kẹwàá, tí àwọn ọmọ ń wọ aṣọ iwin, Oíche Shamhna lorúkọ rẹ̀: “Íìhẹ̀ Háúnà”. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu yín nígbà tí ẹ bá ń pe Shamhna. Tí èémí bá kan ọwọ́, ẹ gbà á.

Lá Fhéile Bríde: “Láà Éèlẹ̀ Bríìdẹ̀”. Fh ti lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ni. Imbolc ni orúkọ àtijọ́ fún àsìkò yìí, ṣùgbọ́n orúkọ Bríd ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò yín.

Bealtaine, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún: “Bíáltìnẹ̀”. Ahọ́n wa á fẹ́ ki fáwẹ̀lì bọ àárín l àti t, kó wá di “Bíálùtínẹ̀”. Ẹ má gbà fún un. Lúnasa, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, kò ní yọ yín lẹ́nu: “Lúùnàsà”. Tí ẹ bá rí Lughnasadh níbìkan, òun náà ni, àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ ará ṣọ́ọ̀ṣì yín, òótọ́ ni pé àwọn ọdún yìí ti wà kí ìgbàgbọ́ tó dé ilẹ̀ Áyálándì. Àmọ́ Bealtaine, Lúnasa àti Samhain náà ni orúkọ oṣù Karùn-ún, Kẹjọ àti Kọkànlá ní èdè wọn títí dòní. Ẹni tó bá ń ka kàlẹ́ńdà ń pè wọ́n. Bríd náà, Ẹni Mímọ́ ni lójú àwọn Kátólíìkì, ìlú Kildare ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àgbélébùú tí àwọn ọmọ ń fi koríko etí odò hun nílé-ìwé, tirẹ̀ ni. Láti ọdún 2023 ni ìjọba ti ń fún gbogbo èèyàn ní ìsinmi nítorí ọjọ́ rẹ̀. Ẹ pe orúkọ náà, ìyá wa. Pípe orúkọ kì í ṣe ìbọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n máa ń so igi kan mọ́ ọmọdé lọ́rùn nílẹ̀ Áyálándì. Bó bá sọ èdè Áíríṣì, wọ́n á fi ọ̀bẹ sàmì sí igi yẹn, iye àmì tó bá wà lórí rẹ̀ ni wọ́n á fi nà án. Àwa tí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa nílé-ìwé torí pé a sọ Yorùbá mọ bó ṣe ń rí lára. Nínú ìkànìyàn ọdún 2022, àwọn 1,873,997 ló ní àwọn gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n 71,968 péré ló ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ níta ilé-ìwé. Nítorí náà, ẹ má sọ lójú wọn pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ò bá bí wọ́n ṣe ń pè é mu. Ó bá a mu, lábẹ́ òfin tiwọn. Tí ọjọ́ bá sì kò, ẹ kí wọn bí a ṣe ń kí ara wa kú ọdún: Lá Fhéile Bríde shona duit. “Họ́nà dít” ni méjì tó kẹ́yìn.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sí teanglann.ie, ìwé atúmọ̀ èdè Áíríṣì. Ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn ará Ulster (àríwá), Connacht (ìwọ̀-oòrùn) àti Munster (gúúsù) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ẹ̀ka-èdè wọn yàtọ̀. Àwọn ará àríwá, bí àpẹẹrẹ, d inú Bríde á fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bíi j wa lẹ́nu wọn: “Bríìjẹ̀”. Tí ohun tí ẹ gbọ́ níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti olùkọ́ àwọn ọmọ yín, ti olùkọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé lọ́jọ́ náà.